Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí "kò léèyàn" ṣe lè di ẹni mímọ̀ láàárín àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́

Ìbéèrè kan náà ni mò ń rí gbà lọ́dọọdún bí àsìkò IT, ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe ní ilé iṣẹ́, bá ti ń sún mọ́lé: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò léèyàn. Ibo ni mo fẹ́ gbà?" Àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá ń béèrè rẹ̀ nítorí iṣẹ́, àwọn àgùnbánirọ̀ ń béèrè rẹ̀ nítorí ọjọ́ tí wọ́n máa bọ́ aṣọ kákí sílẹ̀. Mo ti dá ọ̀pọ̀ yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí.

Fi èyí sọ́kàn kí o tó kà á lọ: àwọn àgbà lẹ́nu iṣẹ́ kì í sá fún akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ó bi wọ́n ní nǹkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń béèrè ohun tó ju ojúlùmọ̀ àárín wọn lọ ni wọ́n ń sá fún, àti èyí tó gba ìrànlọ́wọ́ tán tí wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, béèrè ohun kékeré, lo ohun tí wọ́n bá fún ọ, kí o sì padà wá jábọ̀. Bí a ṣe ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fẹ́ sọ.

## Kí o tó kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni

Yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò lónìí. Kò gbà ju ọ̀sán kan lọ.

- Orúkọ àti fọ́tò WhatsApp rẹ. Kí orúkọ rẹ gan-an wà níbẹ̀, kí ojú rẹ sì hàn. Ẹni tí o kọ̀wé sí yóò kọ́kọ́ wo ibẹ̀ kó tó ka ọ̀rọ̀ rẹ. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá fi nọ́ńbà ara yín pamọ́ sórí fóònù, ó lè máa rí sitátọ́ọ̀sì rẹ pẹ̀lú.
- Ímeèlì tó ní orúkọ rẹ nínú. Èyí tí o ṣí nígbà tí o wà ní JSS 2, fi í sílẹ̀ fún eré.
- CV ojú ewé kan, ní PDF. Fi orúkọ rẹ pe fáìlì náà. Ọ̀gá tó gba CV 15 lọ́jọ́ kan kò lè mọ ẹni tó ni "CV tuntun 3".
- LinkedIn, ìkànnì àwọn oníṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ, ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ọdún tí o wà, àti ohun kan ó kéré tán tí o ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe.
- Lẹ́tà IT láti ẹ̀ka SIWES (àwọn tó ń bójú tó IT) ní ilé ìwé rẹ, tí IT bá ni o ń wá. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ bíi 5.
- Gbólóhùn kan tó sọ ẹni tí o jẹ́, ohun tí ò ń kọ́, àti ohun tí ò ń wá. Sọ ọ́ sókè níwájú dígí títí tí kò fi ní jọ ohun tí o há sórí mọ́.

Nípa àsìkò: tí IT bá ni, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 3 ṣáájú. IT àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì jẹ́ oṣù 6, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ND (díplómà àkọ́kọ́) ní pólì sì jẹ́ oṣù 4. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ń tú akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lásìkò kan náà. Ọ́fíìsì tí kò láyè ju èèyàn 2 lọ yóò ti kún kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn tó débẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 1: Kọ orúkọ 20 sílẹ̀

"Mi ò léèyàn" kì í sábà jẹ́ òótọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé o kò tíì jókòó ka àwọn tí o mọ̀. Mú ìwé àti bírò, kí o wá wọn níbi mẹ́fà wọ̀nyí:

1. Àwọn tó fi ọdún 1 sí 3 ṣáájú rẹ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ. Àwọn wọ̀nyí ló wúlò jù lọ, àwọn sì ni ẹ kì í sábà kà sí. Gbogbo yín ni ẹ fẹ́ bá ọ̀gá àgbà pátápátá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá àgbà lè má mọ ẹ̀ka tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ẹni tó ṣe IT níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá mọ orúkọ ẹni tó ń gba lẹ́tà, ó mọ ọjọ́ tó máa ń wà lórí ìjókòó, ó mọ̀ bóyá wọ́n ń fún èèyàn lówó ọkọ̀, ó sì mọ ọ̀gá tó fẹ́ràn láti kọ́ ọmọ níṣẹ́ àti èyí tí yóò máa rán ọ lọ ra oúnjẹ.
2. Lẹ́kíṣọ́rà, àti àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìṣèwádìí. Má fojú fo àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìṣèwádìí. Àwọn ló ń bá ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ àti kẹ́míkà sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.
3. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, òbí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ó lè ti tó ọdún 4 tí o ti ń jókòó lẹ́yìn ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe.
4. Àgùnbánirọ̀ tó wà ní ọ́fíìsì tí o ní lọ́kàn. Kò tíì pẹ́ tí òun náà wà nílé ìwé, ìyẹn ni kì í fi í nira fún un láti dáhùn.
5. Àwọn tó ti jáde ní ilé ìwé rẹ. Wọ ojú ewé ilé ìwé rẹ lórí LinkedIn, tẹ ibi tí wọ́n kọ Alumni sí. O lè fi ìlú tí wọ́n ń gbé, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ àti irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ṣà wọ́n lẹ́ṣà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ pé ibẹ̀ wà.
6. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ rẹ. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, NSE, ní ẹ̀ka fún akẹ́kọ̀ọ́; ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, náà ń forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ìpàdé àdúgbò irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kéré, àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ sì máa ń dunnú láti rí ọmọ tuntun.

Tí orúkọ bá pé 20, fi àmì sí 5 tó sún mọ́ ọ jù. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Fi èyí tó ń bà ọ́ lẹ́rù sí ìparí, nígbà tí ọwọ́ rẹ bá ti mọ́ ọn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Lo ìṣẹ́jú 15 láti mọ ẹni náà

Kí ló ń ṣe báyìí? Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ti kọ nǹkan kan tàbí sọ̀rọ̀ níbì kan tí o lè kà tàbí gbọ́? Ta ni ẹ̀yin méjèèjì jọ mọ̀? Ṣé Dókítà, Ẹnjiníà, Alhaji tàbí Barrister ni wọ́n ń pè é? Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Mo béèrè ti ìkẹyìn yìí nítorí mo ti rí "sà" tí wọ́n kọ sí obìnrin lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé orúkọ Yorùbá púpọ̀ jẹ́ ti ọkùnrin àti obìnrin.

LinkedIn lè fi han ẹni náà pé o wo ojú ewé rẹ̀. Má jẹ́ kí ìyẹn bà ọ́ lẹ́rù. Kò sí àfojúdi níbẹ̀.

Ohun tí kò dára ni kí o wọ Facebook rẹ̀, kí o wá máa sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ṣe ọjọ́ ìbí lóṣù tó kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí o mọ̀. Fi ilé rẹ̀ sílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 3: Kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba tiwọn jẹ́, nítorí náà mo máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Irú èyí tí mo máa ń rí gbà jù lọ rèé:

> Ẹ káàárọ̀ sà.

Ọ̀rọ̀ tán. Ó ń retí kí n dáhùn kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó rò pé bí ọmọ gidi ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni. Lórí fóònù, ẹni tí kò mọ̀ ọ́ yóò rí nọ́ńbà tí kò mọ̀, tí kò sọ nǹkan kan, yóò sì gbójú kúrò. Kí i, kí o sì sọ ohun tó gbé ọ wá, kí méjèèjì jọ wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Èyí tó tẹ̀ lé e:

> Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń wá iṣẹ́. Ohunkóhun tí ẹ bá rí, mo lè ṣe é. Ẹ má gbàgbé mi sà. Ọlọ́run á bù kún yín.

Àdúrà dára. Àmọ́ "ohunkóhun" ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ẹni tó gbọ́ "ohunkóhun" kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ó ní láti ronú fún ọ, kò sì ráyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Wo èyí ná:

> Ẹ káàárọ̀ mà. Orúkọ mi ni Lágbájá, mo wà ní ọdún kẹta ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Bùọ̀dá Tàmẹ̀dò tí wọ́n ṣe IT lọ́dọ̀ yín lọ́dún tó kọjá ló fún mi ní nọ́ńbà yín, wọ́n sì ní kí n sọ pé àwọn ló rán mi wá. Mo fẹ́ ṣe IT olóṣù 6 láti oṣù keje. Wọ́n sọ fún mi nípa iṣẹ́ sólà tí ẹ̀ka yín ń ṣe, ohun tí mo sì fẹ́ kọ́ nìyẹn. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ó yẹ kí n mú lẹ́tà ilé ìwé wa lọ bá? Tí ọwọ́ yín bá dí, kò sí wàhálà mà. Ẹ ṣé púpọ̀.

Ìṣẹ́jú kan péré ni obìnrin yìí nílò láti dáhùn. Ó ti mọ ẹni tí o jẹ́, ẹni tó rán ọ, ìdí tí o fi yan òun, àti ohun tí o fẹ́. O sì ti ṣí ọ̀nà fún un láti kọ̀ láìsí ìtìjú. Ẹni tó bá rí àyè láti kọ̀ kì í sábà kọ̀.

Má dárúkọ ẹni tí kò fún ọ láṣẹ. Tí o bá sọ pé Tàmẹ̀dò ló rán ọ, kí Tàmẹ̀dò ti gbọ́ nípa rẹ̀ ṣáájú, torí wọ́n máa pè é.

Ní LinkedIn, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí ò ń fi kún ìbéèrè ojúlùmọ̀ kéré gan-an, bíi lẹ́tà 200 sí 300. Má fi tọrọ nǹkan kan rárá:

> Ẹ ǹlẹ́ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ni mí, ní ilé ìwé tí ẹ ti jáde. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ìdánwò ICAN, ó ràn mí lọ́wọ́. Màá fẹ́ láti máa ka èyí tí ẹ bá tún kọ.

Tí ó bá gbà ọ́, dúpẹ́. Fi ìbéèrè rẹ sílẹ̀ di bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣé Yorùbá ni àbí Gẹ̀ẹ́sì? Ímeèlì àti LinkedIn ọ́fíìsì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí o fi kọ ọ́. Ìlànà ọ̀rọ̀ òkè yìí náà ni kí o tẹ̀ lé. Lórí WhatsApp, tí o bá mọ̀ dájú pé Yorùbá ni ẹni náà, o lè fi Yorùbá kí i, kí o wo èdè tó fi dáhùn, kí o sì bá a lọ níbẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, kọ ọ̀rọ̀ rẹ ní kíkún. Má gé e kúrú bí ẹni ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́.

Àsìkò. Àárín ọ̀sẹ̀ ló dára jù, láàárín aago 9 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo ọ́fíìsì ló ń sáré. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọ̀pọ̀ ti lọ kí Jímọ̀. Tí ìmísí bá dé bá ọ ní aago 1 òru, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

### Àṣìṣe tí mò ń rí lójoojúmọ́

- Ohùn oníṣẹ̀ẹ́jú 4 tí o gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́. Ẹni tó wà nínú ìpàdé kò lè gbọ́ ọ.
- Pípe fóònù láìkọ́kọ́ kọ̀wé. Béèrè ná: "Ṣé mo lè pè yín lọ́la fún ìṣẹ́jú 5?" Fífi fóònù ta èèyàn lólobó pé kó pè ọ́ padà, má ṣe é rárá.
- Ọ̀rọ̀ kan náà tí o fi ránṣẹ́ sí èèyàn 20. Bó pẹ́ bó yá, wàá fi orúkọ ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí ẹnì kan.
- CV tí wọn kò béèrè. Sọ pé o ní in. Tí wọ́n bá ní kí o fi í ránṣẹ́, fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.
- Ìtàn ìṣòro ilé. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, jẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kí wọ́n tó mọ ìyà tó ń jẹ ọ́.
- Ìbéèrè owó. Bi ẹni tó ti ṣe IT níbẹ̀ léèrè.
- Fífi ẹni náà sínú broadcast. Ó fún ọ ní nọ́ńbà rẹ̀ nítorí iṣẹ́. Má máa fi àdúrà àárọ̀ àti ọjà tí ò ń tà ránṣẹ́ sí i.

## Ìgbésẹ̀ 4: Bí wọ́n bá ní kí o wá

1. Mọ ọ̀nà ṣáájú. Béèrè bí wọ́n ṣe ń dé ibẹ̀ àti ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Tí Èkó bá ni, fi wákàtí kan kún àsìkò tí o rò. Kí o wà ní géètì ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú. Tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dá ọ dúró, pè kí àsìkò tó pé. Àwáwí lẹ́yìn tí àsìkò ti kọjá kò wúlò.
2. Aṣọ mímọ́, tí a lọ̀, bàtà tó ní pólíìṣì. Kò di dandan kó jẹ́ tuntun. Yá ti ọ̀rẹ́ rẹ tí tìrẹ kò bá dára tó.
3. Kí ọkùnrin géètì àti obìnrin tó ń gba àlejò bí o ṣe máa kí ọ̀gá. Mo sọ èyí tọkàntọkàn. Ní ọ́fíìsì wa, obìnrin tó wà níwájú ni ọ̀gá máa ń bi léèrè lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ: "Ọmọ yẹn ńkọ́, báwo ló ṣe rí?"
4. Ìkíni. Inú ọ́fíìsì kì í ṣe ibi ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọkùnrin, tẹríba dáadáa. Ọmọbìnrin, tẹ orúnkún díẹ̀. Ó ti tó. Má kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà, dúró kó na tirẹ̀. Pàápàá láàárín ọkùnrin àti obìnrin, àwọn Mùsùlùmí kan kì í bọ ara wọn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá gbé ọwọ́ lé àyà, ìwọ náà gbé tìrẹ lé e.
5. Orúkọ. Oyè iṣẹ́ wọn pẹ̀lú orúkọ ìdílé, tàbí "sà" àti "mà". Má pe obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ní "Mọ́mì" ní ọ́fíìsì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá rẹ. Ìfẹ́ lo fi sọ ọ́, mo mọ̀, àmọ́ ibi tó ti ń jà kí wọ́n kà á sí ẹni tó mọṣẹ́ nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà ní Yábàá àti ní Erékùṣù Èkó tí gbogbo èèyàn ń pe ọ̀gá ní orúkọ àbísọ. Títí wọn yóò fi sọ fún ọ pé kí o ṣe bẹ́ẹ̀, má ṣe é.
6. Ìwé àti bírò lọ́wọ́, fóònù nínú báàgì. Tí o bá ń kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, wọ́n lè rò pé WhatsApp lo wà.
7. Béèrè ìbéèrè 3 tàbí 4. Àwọn tó máa ń mú kí àgbà sọ̀rọ̀ rèé: Báwo ni ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí? Kí ni ilé ìwé kò kọ́ yín tí ẹ wá bá lẹ́nu iṣẹ́? Tí ẹ bá jẹ́ èmi lónìí, kí lẹ máa kọ́ kí oṣù mẹ́ta sí i tó pé? Ta tún ni ẹ rò pé ó yẹ kí n bá sọ̀rọ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ń sọ èèyàn 1 di 3.
8. Bí ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fún ọ, ní ìkejìlélógún má sí níbẹ̀ mọ́, àfi tí àwọn fúnra wọn bá ní kí o jókòó. Dìde, dúpẹ́, béèrè bóyá o lè tún kọ̀wé.

## Níbi ìpàdé àti àpérò

Ìpàdé ẹgbẹ́ oníṣẹ́, ọjọ́ tí àwọn tó ti jáde bá wá sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín, ètò àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà bíi ti CcHub ní Yábàá: gbogbo wọn dára. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ẹ̀yin 6 lẹ jọ wọ ọkọ̀, ẹ̀yin 6 lẹ jọ jókòó, ẹ̀yin 6 lẹ jọ jẹun, ẹ sì jọ padà. Ẹ pín ara yín kiri. Kí olúkúlùkù bá èèyàn 3 tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀.

Má sáré lọ bá olùsọ̀rọ̀ àgbà tí èèyàn 40 ti yí ká. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀, lè jẹ́ máníjà. Kí i, sọ orúkọ rẹ, béèrè ohun tó gbé e wá. Bí ó bá wo aago tàbí tó ń wo ẹ̀yìn rẹ, "Ẹ ṣé sà, ẹ jẹ́ kí n má dí yín lọ́wọ́," kí o sì kúrò pẹ̀lú ẹ̀rín. Kí o tó dé ilé, kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun kan tí ẹ sọ sílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 5: Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀

- Láàárín wákàtí 24: dúpẹ́, kí o sì dárúkọ ohun kan pàtó tí wọ́n sọ tí o mú lò. "Ẹ ṣé fún àmọ̀ràn" lásán, gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́.
- Tí wọn kò bá dá ìbéèrè rẹ lóhùn: dúró fún ọjọ́ 7, rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan ní gbólóhùn méjì. Dúró fún ọjọ́ 10 sí i, rán wọn létí lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, fi sílẹ̀, lọ bá orúkọ tó kàn. Má kọ "Mo rí i pé ẹ ti kà á sà." Ìbínú ló ń gbé jáde.
- Oṣù 2 sí 3 lẹ́ẹ̀kan: ìròyìn kékeré láìbéèrè nǹkan kan. O parí iṣẹ́ kan. O ka ohun kan tó jọ mọ́ iṣẹ́ wọn. Ẹni tí a ń rí kìkì nígbà tó bá nílò nǹkan, ìgbà tó bá yá a ó máa sá fún nọ́ńbà rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 6: Padà wá jábọ̀

Tí o bá máa gbàgbé gbogbo ohun tó kù, má gbàgbé èyí. Nígbà kan, mo fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní nọ́ńbà ẹnì kan náà. Kò sí èyí tó rí àyè gbà níbẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀kan kọ̀wé sí mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: "Ẹ̀gbọ́n, mo débẹ̀, wọ́n ní àyè ti kún, àmọ́ wọ́n júwe ibòmíràn fún mi. Ọjọ́ Ajé ni màá lọ. Ẹ ṣé gan-an." Ìkejì dákẹ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ tí àyè ṣí sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tiwa. Ọmọ tó jábọ̀ ni orúkọ rẹ̀ wá sí mi lẹ́nu. Mi ò bínú sí ìkejì. N kò rántí rẹ̀ ni.

Èmi náà ti ṣe ohun tó burú ju ti ìkejì lọ. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, ẹnjiníà kan bá ilé iṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ nítorí mi, wọ́n gbà mí. Mo rí ibòmíràn tó sún mọ́ ilé wa, mo lọ síbẹ̀, n kò sì sọ fún un. Ọjọ́ tí mo yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n pè é pé ọmọ rẹ̀ dà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọ̀ láti sọ̀rọ̀ nítorí àbúrò mi kan ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Nígbà tí ẹnì kan bá fi orúkọ rẹ̀ dúró fún ọ, orúkọ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ títí wàá fi padà wá sọ ibi tó já sí.

Nítorí náà, jábọ̀ bí o bá rí i gbà. Jábọ̀ bí o kò bá rí i. Jábọ̀ bí o bá yí ọkàn padà, lọ́jọ́ tí o yí i padà gan-an. Bí IT bá parí, ẹni tó ń fọwọ́ sí lọ́gíbúùkù rẹ, ìwé tí ò ń kọ iṣẹ́ IT rẹ sí, náà ti di ojúlùmọ̀ rẹ. Dágbére fún un dáadáa, gba nọ́ńbà rẹ̀.

## Tí lẹ́tà ìjẹ́rìí bá ni o fẹ́ gbà

1. Béèrè ní ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú, ó kéré tán.
2. Béèrè báyìí: "Ṣé ẹ rò pé ẹ mọ̀ mí tó láti kọ lẹ́tà tó dára fún mi?" Ẹni tó bá lọ́ra, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wá ẹlòmíràn.
3. Fún wọn ní CV, máàkì rẹ, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ibi tí lẹ́tà ń lọ, àti ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí o ṣe lábẹ́ wọn. Wọ́n ti kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn rẹ.
4. Rán wọn létí ní ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ tó pé. Lẹ́yìn náà, jábọ̀.

## Tí ẹni náà bá wà ní ìlú òyìnbó

Àwọn tó jáde ní ilé ìwé wa tí wọ́n wà ní London tàbí Houston máa ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Wo aago. Aago 8 àárọ̀ ní Ìbàdàn, aago 1 tàbí 2 òru ni ní Houston. Ní Britain, ìyàtọ̀ kò ju wákàtí 1 lọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kò sì sí rárá. Yorùbá tó wà níbẹ̀, máa kí i bí àgbà. Tí kì í bá ṣe Yorùbá, orúkọ àbísọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń lò nínú ímeèlì ní Amẹ́ríkà àti Britain. "Sà" ní gbogbo gbólóhùn máa ń ṣe àjèjì sí wọn. Yunifásítì ni kí o ti ṣọ́ra: Ọ̀jọ̀gbọ́n, pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n.

## Ìkìlọ̀

- Ẹni tó ní kí o sanwó kó tó bá ọ wá àyè IT tàbí iṣẹ́, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.
- Má fi NIN, BVN tàbí nọ́ńbà OTP ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp.
- Ìpàdé iṣẹ́ kì í wáyé nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, tàbí nílé ọ̀gá lálẹ́. Sọ pé ọ́fíìsì ni wàá wá, lọ́sàn-án. Bó bá kọ̀, ìdáhùn rẹ ti dé.
- Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ara rẹ tàbí ẹwà rẹ dá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ dúró, kò sí gbèsè ìteríba kankan tí o jẹ ẹ́. Má bá a ṣe àlàyé. Fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, ya fọ́tò rẹ̀ láti ojú fóònù, sọ fún àgbà kan tí o fọkàn tán. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọkùnrin náà.
- Níbikíbi tí o bá ń lọ, kí ẹnì kan mọ ibẹ̀ àti aago tó yẹ kí o padà.

## Tí ojú bá ń tì ọ́, tàbí dátà ń wọ́n ọ

Onítìjú lè ṣe gbogbo èyí ní kíkọ. Ọ̀pọ̀ àgbà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fi ìwé kan lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí dátà ń wọ́n, LinkedIn kò pọn dandan: lẹ́tà tí a tẹ̀, tí a fi sínú àpò ìwé, tí a mú dé ọ́fíìsì pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò gbà á, ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Kọ nọ́ńbà rẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, béèrè orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ.

## "Mo ti dákẹ́ sí ẹnì kan rí. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí ẹ ń bi mí. Kò tíì bàjẹ́, kódà bó bá ti tó ọdún kan. Kọ èyí, ní ọ̀rọ̀ tìrẹ:

> Ẹ káàsán sà. Lágbájá ni, tí ẹ bá ilé iṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ ràn mí lọ́wọ́, n kò sì padà wá sọ ibi tó já sí fún yín. Kò dára, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Wọ́n gbà mí, mo lo oṣù 6 níbẹ̀, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ńlá ṣe. Ẹ ṣé gidigidi sà.

Fi ránṣẹ́ lónìí. Má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn nínú rẹ̀.